ÌWÉ Ẹ̀RÍ NI KÓ ṢÁÁJÚ ÌWÉ ÌRÌNNÀ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo àwọn tó ń to sìkáfóòdù káàkiri orílẹ̀-èdè wa, láti Bonny dé Kàdúná, láti Warri dé Lekki. Púpọ̀ nínú yín ló ń wá ọ̀nà láti gbé iṣẹ́ yìí lọ sí òkè òkun, yálà láti máa tò ó, tàbí láti máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń tò ó. A kò ní bá yín wí nítorí èyí. Owó oṣù tí ọjà ń gbé mì kí oṣù tó dé ìdajì kì í jẹ́ kí ọkàn ènìyàn balẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò bọ́ nílé, bí ó bá gbójú sókè wo ọ̀nà jíjìn, kò ṣẹ̀.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń gbà. Wọ́n ń kọ́kọ́ wá owó fún alágàtà, wọ́n ń sáré ìwé ìrìnnà, wọ́n ń sáré físà, nígbà tí kò tíì sí ìwé kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn tó lè jẹ́rìí fún àjèjì pé wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Èrò tiwa ni pé kí ìwé ẹ̀rí ṣáájú ìwé ìrìnnà, àti pé òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi owó ra iṣẹ́. Orí ọ̀rọ̀ méjì yìí ni a ó dúró lé.

Iṣẹ́ tí ẹ̀mí ènìyàn gbára lé

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé sìkáfóòdù ni irin tàbí igi tí a ń tò yí ilé, táńkì tàbí ẹ̀rọ ńlá ká, kí bíríkìlà, akunlé, wẹ́dà àti oníná lè rí ibi dúró sí lókè. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó tú u palẹ̀, kò sì ní sí àmì rẹ̀ mọ́ lára ilé. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń fojú kéré ẹni tó tò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gun orí rẹ̀ tí kò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé ẹni tó tò ó lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1978, ní Willow Island, ìpínlẹ̀ West Virginia nílẹ̀ Amẹ́ríkà, sìkáfóòdù kan já lára ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ sí ilé-iṣẹ́ amúnáwá. Òṣìṣẹ́ 51 ló bá a lọ. Ara kọnkéré ilé gogoro náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n so sìkáfóòdù yìí mọ́, kọnkéré tí wọ́n dà ní ọjọ́ tó ṣáájú kò sì tíì le tó láti gbé ẹrù tí wọ́n gbé lé e. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé mímọ bí a ti ń fún kílíìpù kò tíì tó. Ẹni tó ń to sìkáfóòdù gbọdọ̀ mọ ìwúwo ẹrù, agbára ilẹ̀, ipá afẹ́fẹ́, àti bí ohun tí a gbé irin tì ti lágbára tó.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ ló kọ́ àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́gbọ́n. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 2005 lórí iṣẹ́ orí òkè pàṣẹ pé sìkáfóòdù tí ènìyàn lè ti orí rẹ̀ já bọ́ láti mítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọdọ̀ gba àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ kí wọ́n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìjì tàbí ohunkóhun tó bá lè mì í. Ní àwọn ibi iṣẹ́ epo, káàdì ni wọ́n ń fi kọ́ ẹsẹ̀ àkàbà: aláwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó ṣeé gùn, pupa túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kàn án. Orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ń wà lára káàdì náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ báyìí, wọn kò lè gba ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí.

Ìwé tí wọ́n ń béèrè

Ìwé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́ yìí ni ti CISRS, ètò tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó ń to sìkáfóòdù ní Ìlú Ọba. Ìpele ìpele ni wọ́n ń gùn ún. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò ṣe apá kìíní, yóò ṣe apá kejì, yóò gba ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, kó tó di atosìkáfóòdù. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè wá ìpele àwọn ọ̀gá. Ètò kan náà tún ní ẹ̀ka tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi Ìlú Ọba, tí wọ́n ń pè ní OSTS. Ìpele 3 ni ó ní, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ fún alábòójútó àti fún olùyẹ̀wò. Wọ́n mọ káàdì yìí dáadáa ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá tí epo wà. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan o: káàdì OSTS kì í ṣe káàdì tí a fi ń ṣiṣẹ́ nínú Ìlú Ọba fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni méjèèjì, irọ́ ló ń pa. Kí ẹ tó san owó ẹ̀kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ẹ lọ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí CISRS fọwọ́ sí. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ pa owó yín mọ́ àpò.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan tún ní ìlànà tiwọn. Ilé-iṣẹ́ epo Saudi Aramco ní òfin tirẹ̀ lórí sìkáfóòdù, ó sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe alábòójútó rẹ̀ àti àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé tí ibi tí ẹ ń lọ ń gbà, kí ẹ tó náwó lé ìwé kankan.

Ní ilé níbí ńkọ́? Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe wà, láti ìpele kẹta tó jẹ́ ti ìsàlẹ̀ dé ìpele kìíní. Ìwé ẹ̀rí NSQ, tó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ NBTE ní Kàdúná, tún wà. Ohun tó dára nínú NSQ ni pé ó fàyè gba ẹni tó kọ́ṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀gá rẹ̀ láì dé ilé-ẹ̀kọ́ kankan, kí wọ́n dán ohun tó ti mọ̀ wò, kí wọ́n sì fún un ní ìwé lé e lórí. A kò sọ pé ìwé ilé yóò dípò ti òkè òkun. Òun ni ìpìlẹ̀ tí a ó gbé èyí tó kù lé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín láti òní lọ. Níbikíbi tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ alábòójútó kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Kí lẹ́tà náà sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ parí, irú sìkáfóòdù tí ẹ tò, bó ti ga tó, àti iye ènìyàn tó wà lábẹ́ yín. Ogún ọdún iṣẹ́ tí kò sí lórí ìwé, bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí ni lójú àjèjì.

Ẹ sì máa ṣọ́ òfin ìwọ̀lú. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Ìlú Ọba gbé òṣùwọ̀n físà àwọn oníṣẹ́ sókè dé orí iṣẹ́ tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Àwọn iṣẹ́ díẹ̀ nìkan ló kù lábẹ́ ìyẹn tí wọ́n ṣì ń gbà fún ìgbà díẹ̀, ìjọba náà sì lè yí i padà nígbàkúùgbà. Ẹni tó bá wí pé físà sìkáfóòdù Ìlú Ọba wà nílẹ̀ lọ́wọ́ òun, ẹ ní kó fi ibi tó wà nínú ìwé ìjọba wọn hàn yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó.

Ta ló yẹ kó ṣe olùkọ́?

Àwọn kan ń kéde pé àwọn ń wá olùkọ́ sìkáfóòdù fún òkè òkun, wọn a sì máa gba ọmọ ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ sá fún wọn. Olùkọ́ kì í ṣe orúkọ tí a fi ń wá físà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní ìwé àṣẹ yóò béèrè káàdì ìpele gíga lọ́wọ́ olùkọ́, yóò béèrè ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́, yóò sì béèrè ìwé ẹ̀rí pé ó kọ́ bí a ti ń kọ́ni, nítorí mímọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí mímọ bí a ti ń là á yé ẹlòmíràn. Olùkọ́ gbọdọ̀ lè kọ ìròyìn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ó sì gbọdọ̀ ní ìgboyà láti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò yege pé kò yege, bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tilẹ̀ ń kánjú gba ìwé náà. Olùkọ́ tó bá fi àánú fọwọ́ sí ìwé ẹni tí kò mọ iṣẹ́, ìyá òṣìṣẹ́ mìíràn ni yóò sunkún rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí ọdún ti ń gun orí ọdún, orúnkún kò ní gba àkàbà gígùn mọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà nínú yín ń pọ̀ sí i ni. Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín. Ẹ bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1971 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́, sọ̀rọ̀. Ẹ máa kọ orúkọ àwọn tí ẹ kọ́ àti ohun tí ẹ kọ́ wọn sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá ti kọ́ni nílé tí a rí ẹ̀rí rẹ̀ ni àjèjì yóò gbà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Iṣẹ́ kì í ṣe ọjà

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ owó. Àdéhùn àgbáyé kejìlélọ́gọ́sàn-án dín ẹyọ kan, ìyẹn Àdéhùn 181 tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, ILO, ṣe ní ọdún 1997, sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń báni wá iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, yálà ní tààrà tàbí ní ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ìlànà ìgbanisíṣẹ́ tó tọ́ tí àjọ kan náà gbé jáde ní ọdún 2016 tún un sọ. Ẹni tó nílò òṣìṣẹ́ ni kó sanwó wíwá òṣìṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa pẹ̀lú, ní abala 23, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ọmọ Nàìjíríà ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe nílé tàbí lẹ́yìn odi, láì ní ìwé àṣẹ ìjọba. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ejẹ́ǹtì ni pé: níbo ni ìwé àṣẹ rẹ wà? Ẹ mú nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí wọ́n bá yín wò ó. Iléeṣẹ́ yìí tún ní ibùdó ìmọ̀ràn fún àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò iṣẹ́ ní Àbújá, ní Èkó àti ní ìlú Benin.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2021, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Qatar gbà ni riyal 1,000, yàtọ̀ sí 500 fún ibùgbé àti 300 fún oúnjẹ bí agbanisíṣẹ́ kò bá pèsè wọn. Ká ní ènìyàn yá owó tó tó riyal 6,000 fún alágàtà kó tó gbéra, tó sì dé orí owó oṣù 1,000 yìí. Odidi oṣù mẹ́fà ni yóò fi ṣiṣẹ́ fún gbèsè nìkan, láì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó àti ọmọ, kí a má tíì sọ ti èlé. Láàárín oṣù mẹ́fà náà, bí ọ̀gá bá ní kó gun sìkáfóòdù tó ń mì, kò ní lè sọ pé òun kò gùn ún. Bí wọ́n bá dá owó rẹ̀ dúró, kò ní lè bínú kúrò níbẹ̀. Àwọn baba wa ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Gbèsè ni ohun tó ń dí ẹ̀yìn mọ́ òṣìṣẹ́.

Ẹ kíyè sí ẹ̀tàn mìíràn: kí wọ́n fi físà àbẹ̀wò gbé yín lọ, kí wọ́n ní bí ẹ bá débẹ̀ tán, wọn yóò yí i padà. Ẹni tó fi físà àbẹ̀wò ṣiṣẹ́ ti di arúfin ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé páìpù. Bí ó bá já bọ́, kò ní rí ibi fẹjọ́ sùn.

Ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ẹ gba ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó kúrò nílé, ní èdè tí ẹ gbọ́. Bí kò bá yé yín, ẹ gbé e wá sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín. Ẹ wá àwọn nǹkan wọ̀nyí nínú rẹ̀:

Iye owó oṣù gan-an, láì ka owó oúnjẹ àti owó àfikún mọ́ ọn. Wákàtí iṣẹ́ lójúmọ́, àti iye tí wọ́n ń san fún àṣekún. Ibi tí ẹ ó máa gbé. Ẹni tó ń san owó ọkọ̀ òfurufú ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó ń san owó ìwòsàn bí ẹ bá fara pa, àti ohun tó kan ẹbí yín bí ikú bá dé. Orúkọ iṣẹ́ tí ẹ ń lọ ṣe, kí wọ́n má baà gba olùkọ́ kí wọ́n sì sọ ọ́ di alágbàṣe nígbà tó bá débẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí àti lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, nítorí àwọn kan máa ń fún òṣìṣẹ́ ní ìwé mìíràn lẹ́yìn tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú. Ẹ má sì jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ kankan gba ìwé ìrìnnà yín pamọ́.

Ẹ má fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ sẹ́yìn

Àìrìn pọ̀ ejò ní ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ní Sáúdí Arébíà, ní Qatar àti ní ilẹ̀ tí Dubai wà, òfin kò fàyè gba òṣìṣẹ́ àjèjì láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, èyí kò sọ pé ẹ ó dá nìkan wà. Àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ilé àti igi lágbàáyé, BWI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, wọ àdéhùn ní Qatar ní ọdún 2016, àwọn aṣojú rẹ̀ sì bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ yẹ ibi iṣẹ́ pápá ìṣeré ife-ẹ̀yẹ àgbáyé wò. Ní ọdún 2020, Qatar yí òfin rẹ̀ padà, òṣìṣẹ́ sì lè pààrọ̀ iṣẹ́ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá àtijọ́. Ìjà àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà lára ohun tó mú ìyẹn wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, BWI gbé ẹjọ́ Sáúdí Arébíà lọ síwájú ILO lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì àti owó iṣẹ́ tí wọn kò rí gbà. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n yan orílẹ̀-èdè yìí láti gba àlejò ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti ọdún 2034. Sìkáfóòdù púpọ̀ ni wọn yóò tò níbẹ̀ kí ọdún náà tó pé. Kí ẹ tó lọ, ẹ gba orúkọ ẹni tí ẹ ó kàn sí lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.

Ohun tí a ń béèrè nílé

Àwọn kan yóò wí pé, èé ṣe tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọn yóò ti lọ? Ìdáhùn wa ni pé ìwé ẹ̀rí tó ń gba ènìyàn sílẹ̀ ní Dammam náà ló ń gba ènìyàn sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Títí di òní, ọparun àti pákó tí a fi ìṣó kàn lásán ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà wa ń gùn, láì sí ọ̀pá ìdènà níbàdí, láì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa, tí ogún lọ, ọgọ́rin ni yóò kù tí yóò máa to èyí tí kò ní wó. Àwọn tó lọ náà yóò padà, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọn yóò sì di olùkọ́ wa.

Nítorí náà, a ń ké sí Ìjọba Àpapọ̀ kí ó fi sìkáfóòdù sí àárín gbùngbùn ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí ó sì fi ìyà jẹ àwọn alágàtà tí kò ní ìwé àṣẹ. A ń ké sí àwọn agbanisíṣẹ́ kí wọ́n san owó ẹ̀kọ́ àwọn tó ń to irin fún wọn, kí wọ́n sì máa fún wọn ní lẹ́tà ẹ̀rí láì fi falẹ̀. A ń ké sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa gbogbo kí wọ́n kọ orúkọ àwọn atosìkáfóòdù wọn sílẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tó ní ìwé àti ẹni tí kò ní, kí wọ́n sì yan àwọn àgbà tí yóò kọ́ àwọn ọ̀dọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kò sí ẹni tó ń to sìkáfóòdù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Àwo irin la kọ́kọ́ ń tẹ́ sílẹ̀, kí òpó tó dúró, kí pákó tó gorí òpó. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe ìrìn àjò yín: ìmọ̀ ní ìsàlẹ̀, ìwé ẹ̀rí lórí ìmọ̀, ìwé àdéhùn lórí ìwé ẹ̀rí, kí ìwé ìrìnnà tó kàn. Ẹni tó bá bá yín sọ pé òun mọ ọ̀nà tó yá ju èyí lọ, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò gbé òkú bọ̀ wálé bí ó bá wó.